Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Díwọ̀n Tiwa?

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló da ilé wa rú fún odindi oṣù mẹ́ta. L ni. Low ló dúró fún, ìyẹn pé ó kéré jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà méjì lórí ìwé èsì àyẹ̀wò àbúrò mi obìnrin, pẹ̀lú yíǹkì pupa, bí ìgbà tí tíṣà bá fa igi sí iṣẹ́ ọmọ tí kò mọ̀wé.

Ìgbéyàwó là ń múra rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí tọkọtìyàwó lọ ṣe àyẹ̀wò, genotype àti àwọn yòókù tí gbogbo wa mọ̀. Ilé àyẹ̀wò tí wọ́n lọ (kì í ṣe tiwa o, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀) bá wọn ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, torí ó wà nínú owó tí wọ́n gbà. Genotype jáde: AA lòun, AS lọkọ. Gbogbo ilé dúpẹ́. A ṣí ojú ewé kejì. Sẹ́ẹ̀lì funfun: 3.1, L. Neutrophil, ìyẹn àwọn tó máa ń kọ́kọ́ sáré dé ojú ogun nínú sẹ́ẹ̀lì funfun: 1.3, L. Lápá ọ̀tún, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Normal Range sí, 4.0 sí 11.0 ló wà fún ti àkọ́kọ́, 2.0 sí 7.0 fún ìkejì.

Dókítà ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ wò ó ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò HIV ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọn ò rí nǹkan kan. Ó ní ó lè jẹ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ó kọ oògùn ọlọ́sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n màmá wa gbé pòròpòrò bàbà wá láti Ìpẹru, ó sè é títí ó fi pọ́n bíi zobo. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ń fún omi ewé ugu, ó ń pò ó mọ́ mílíìkì. Màmá gbààwẹ̀. Ìyá ọkọ ìyàwó kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì ń bà wá lẹ́rù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà: 3.0. L.

"Àǹtí, ṣé mo máa kú ni?"

Orí fóònù ló ti bi mí, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ọdún kọkànlá mi rèé nínú iṣẹ́ láàbù ní Ṣágámù. Ojoojúmọ́ ni mò ń buwọ́ lu ìwé tí L wà lára rẹ̀, tí mo sì ń nà án síta fún olówó rẹ̀ láti ojú fèrèsé kékeré yẹn. Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un. Mo ní kó lọ sùn.

Dókítà àgbà kan, obìnrin, tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ló tú wa sílẹ̀. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo ìwé. Ó ní, "La ẹnu." Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ṣé egbò máa ń yọ sí ẹ lẹ́nu léraléra? Rárá mà. Eéwo ńkọ́? Rárá mà. Ìgbà wo ni wọ́n dá ẹ dúró sí ọsibítù gbẹ̀yìn? Ìgbà tí mo wà ní pírámárì mà, ibà ni. Ó ní ṣé kò sí ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ kankan nílé. Ó wà: èyí tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ọdún méje ṣáájú. 3.3 ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi L sí i nígbà náà, torí ọwọ́ ni wọ́n fi kọ èsì ọ̀hún.

"Báyìí lẹ̀jẹ̀ tìẹ ṣe rí," ni dókítà wí. "Lọ ṣègbéyàwó rẹ."

Ó wá kọjú sí mi, ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Tìẹ náà ńkọ́? Mélòó ni?" Ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ka ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀, mi ò ka tèmi rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo na apá fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. 3.4. Ẹ̀rọ wa fi L sí i láìwojú mi.

Ohun tó ṣe èmi àti àbúrò mi lórúkọ. Ní 1950, ní London, wọ́n fi orúkọ aláìsàn kan, Duffy, sọ irú ẹ̀jẹ̀ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mọ̀. Àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ká kúkú sọ pé gbogbo wa tán, kò ní àmì Duffy yìí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àmì ọ̀hún ni ilẹ̀kùn tí irú kòkòrò ibà kan, vivax, ń gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀kùn, lọ́pọ̀ ìgbà kòkòrò náà á kàn máa rìn yí ilé rẹ̀ ká ni. Láàárín 2008 sí 2009, àwọn onímọ̀ nípa àjogúnbá tún rí i pé ìyípadà kan náà tó gba àmì Duffy lọ́wọ́ wa yìí ló ń mú kí neutrophil tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Mùdùnmúdùn egungun ń ṣe wọn bó ṣe yẹ. Tí àìsàn bá dé, wọ́n á jáde. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í torí ẹ̀ ṣàìsàn ju ẹlòmíì lọ. Ogún ìdílé ni, bí èèyàn ṣe ń jogún èjí.

Níbo wá ni 4.0 sí 11.0 ti wá? Inú ẹ̀rọ ni. Ilẹ̀ China ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tiwa, ó sì gbé gbèdéke tirẹ̀ dání bí ìyàwó tó kó ìkòkò wá láti ilé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnjiníà wá gbé e kalẹ̀, ó bi wá bóyá a fẹ́ fi gbèdéke míì sí i. A ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò tó tí a fi dáhùn. A tilẹ̀ ń wo aago, torí oúnjẹ ọ̀sán ti dé.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, láti fi mọ bí ènìyàn káàkiri ayé ṣe jọra àti bí wọ́n ṣe yàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n jogún, Yorùbá Ìbàdàn wà lára ẹ̀yà mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ, 90 èèyàn. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń fi ohun tí wọ́n rí lára wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti rìn jìnnà o. Ibi tí kò tíì dé ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìwé èsì tí wọ́n ń nà sí Yorùbá ní Ṣágámù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbèdéke kò sì le. Ká ní ọjọ́ Ojúde Ọba ni, àwọn obìnrin régbérégbé kan tò, 120 wọn, gbogbo wọn ṣí gèlè kalẹ̀ kó má bàa sí ìrẹ́jẹ. Ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó kúrú jù dé orí ẹni tó ga jù. Ẹ yọ mẹ́ta nísàlẹ̀, ẹ yọ mẹ́ta lókè. Gíga àwọn 114 tó kù ni gbèdéke. Ohun tí à ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn: a ó wá èèyàn tí ara wọn dá, ó kéré tán 120, a ó wọn ohun tí a fẹ́ wọ̀n, a ó gé ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí, a ó gé iye kan náà kúrò ní ìdí. Àwọn mẹ́fà tí a yọ ńkọ́? Ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀. Lórí bébà, H (High, ó ga jù) àti L ni wọ́n.

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí kò ní àìsàn kankan, tó ṣe 20 àyẹ̀wò tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì, bí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ bá ṣe é, nǹkan bí 64 nínú wọn ni yóò rí H tàbí L, ó kéré tán ẹyọ kan. Ìṣirò ló fà á. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń polówó àyẹ̀wò odindi ara lẹ́dìn-ínwó.

Ní 1969 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Finland méjì, Ralph Gräsbeck àti Nils-Erik Saris, ti dá a lábàá pé kí a yéé pe irú nọ́ńbà wọ̀nyí ní normal. Kí a máa pè é ní ohun tí a fi ń ṣe ìtọ́kasí, kí ó sì hàn gbangba ẹ̀jẹ̀ àwọn wo la fi ṣe é. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí a fi gbólóhùn kan sísàlẹ̀ ìwé tiwa: "Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ará ibí la fi ṣe gbèdéke yìí." Ó ní àyè kò sí lórí bébà. Ààyè wà fún nọ́ńbà fóònù mẹ́ta àti àwòrán maikirosíkóòpù.

Inú bí mi, mo sì ṣe ohun tí ẹni tínú ń bí máa ń ṣe: mo fẹ́ fọ́ gbogbo rẹ̀ dànù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ pinnu pé a ó wá 120 obìnrin, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ìyẹn ọjọ́ orí tí obìnrin ń bímọ, kí a fi ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ṣe gbèdéke tiwa. A gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lára ènìyàn. A ra sìríǹjì, a ra ìgò kéékèèké onídèérí elésè-àlùkò. A kọ ìbéèrè sórí bébà. Ṣé ẹ lóyún? Ṣé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú? Ṣé ẹ ń lo abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí? Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láìpẹ́? Ṣé ẹ ń mu àgbo?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló kọ́kọ́ kó wa sí wàhálà. Kí ẹ dúró láàárín ọjà Ìjẹ̀bú, kí ẹ máa bi obìnrin bóyá ó ń mu àgbo? Ẹ kúkú bi í bóyá ó ń jẹ gàárì.

Gàárì náà ló sì mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mi ò lè gbàgbé. Ọjà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Kò tíì tó ẹni ogójì ọdún. Gàárì rẹ̀ funfun, ó kan débi pé imú lásán ti mọ̀ ọ́n. Ó kó o jọ gegere sínú báàsì, ó ń fi ẹ̀yìn agolo gbá etí rẹ̀ kó má yà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ mi lẹ fẹ́ lọ tà?"

Gbogbo ẹni tó bá gbé sìríǹjì ni nọ́ọ̀sì lójú wọn. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó na apá. Ó ní ara òun le bí òkúta, pé òun ò ṣàìsàn látìgbà tóun ti bí ọmọ òun ìkẹta. Mo bi í léèrè nǹkan oṣù rẹ̀. Ó ní ọjọ́ méje, nígbà míì mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá òun. Ṣé ó máa ń pọ̀? Ó wò mí bí ẹni tó bi í bóyá omi pọ̀ lókun. "Nǹkan oṣù ṣá ni."

PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 28.

Mo padà lọ bá a. Mo ní ṣé kì í rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó máa ń rẹ̀ mí nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì, ta ni kì í rẹ̀?"

Kò sí ìbéèrè wa tó lè yọ ọ́ kúrò. Kò lóyún, kò fọ́mọ lọ́mú, kò sí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní HIV. Lójú ara rẹ̀, lójú gbogbo ọjà, ara rẹ̀ dá. Tí a bá kó 120 obìnrin jọ tí irú rẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn, 28 á wọnú gbèdéke, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pé báyìí lẹ̀jẹ̀ obìnrin Ìjẹ̀bú ṣe ń rí. Èmi tí mò ń bínú pé wọ́n fi L sára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, mo wá fẹ́ yọ L kúrò lára ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Kíkéré méjì ni wọ́n, orúkọ kan náà ni bébà ń pè wọ́n. Neutrophil tó kéré lára àbúrò mi, inú ìdílé ló ti wá, kì í sì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ti ìyá oní-gàárì, oṣooṣù ló ń ṣàn lọ. Mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan ń gbé nǹkan bí ìdajì mílígírámù irin lọ, irin tí ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti ju mílílítà 80 lọ, tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Ta ló sì ń fi ife wọ̀n ọ́n? Gbèdéke àìtó ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì là kalẹ̀ fún gbogbo ìlú, kì í ṣe ti àwọn tí ìlú kọ̀ọ̀kan bá rí lọ́jà. Láti 1968 ni wọ́n ti dúró lórí hemoglobin (èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀) 12 fún obìnrin tí kò lóyún, ìyẹn PCV bí 36, wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2024, wọn ò sì yí i padà. Mo ti bú wọn tẹ́lẹ̀. Mo gbà á padà.

Ọ̀nà kan wà láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: kí a wọn ferritin, ibi tí ara ń tọ́jú irin sí. Àgbàlagbà tí ferritin rẹ̀ kò bá tó 15, àpótí irin rẹ̀ ti gbẹ. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì fún àwa Yorùbá gan-an, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló jogún nǹkan mìíràn, alpha thalassaemia, tó máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa kéré ní ìwọ̀n bí ẹni pé irin ò tó, nígbà tí irin sì wà. Ṣùgbọ́n owó ferritin ẹnì kan ju ti PCV lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. A ṣírò ti 120 èèyàn, a wo ara wa. Ẹni 31 la bá dé tí a fi dúró. Bébà ìbéèrè tó kù ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Mo kọ ìwé fún ìyá oní-gàárì pé kó lọ rí dókítà. Ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó kó o sétí ìró. Ó wọn gàárì agolo méjì fún mi, ó kọ owó mi.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé PCV kò ju nọ́ńbà lọ. Ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan ni, kò gùn tó ìka ọwọ́. Tí ẹ bá kan ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gun inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. A ó fi amọ̀ rírọ̀ dí ìdí rẹ̀, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bí òòyì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá jáde, ó ti pín sí mẹ́ta: pupa tó dì nísàlẹ̀, omi aláwọ̀ òróró ẹ̀pà lókè, àti láàárín méjèèjì, ìlà funfun fẹ́lẹ́ kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Inú ìlà yẹn ni gbogbo neutrophil tó fẹ́ da ìgbéyàwó rú wà. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹta, pupa kò ní dì tó, á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni 28 á sì gba 31 lọ sílé. Jẹnẹrétọ̀ wa kì í dáhùn kíákíá. Mo ti tún ọ̀kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò lè búra fún ẹlòmíì.

Tí oyún bá wá dé, gbogbo rẹ̀ tún yí padà. Ẹ wo gàárì tí ẹ rẹ sínú abọ́: ẹ bù díẹ̀ kún gàárì, ẹ wá da omi tó jù ú lọ lé e. Gàárì ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ṣàn. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀jẹ̀ aláboyún. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ń fi bí ìdajì lé sí i, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lé tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí gbèdéke hemoglobin aláboyún fi jẹ́ 11, tí wọ́n sì fi 10.5 sí oṣù mẹ́ta àárín. Àwọn nọ́ńbà tí kò ní lẹ́tà kankan ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Kíndìnrín aláboyún máa ń ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́, creatinine rẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù, a sì máa wálẹ̀. Bí tirẹ̀ bá dúró síbi tó dáa fún obìnrin tí kò lóyún, bébà kò ní sọ̀rọ̀, kíndìnrín sì lè ti máa jìyà. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ó lóyún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Àbúrò mi ṣègbéyàwó. Lóṣù tó kọjá ó pè mí láti ibi ìtọ́jú aláboyún, oyún rẹ̀ pé oṣù márùn-ún. Ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó yege ìdánwò.

"Àǹtí, L ti kúrò! 6.2 ni sẹ́ẹ̀lì funfun mi!"

Oyún ló gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Mi ò bà á láyọ̀ jẹ́. Mo ní kó ka èyí tó kù.

"PCV, 29. L. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà, ogún ìdílé ni, àbí?"

"Rárá o. Ìyẹn kì í ṣe ti ìdílé. Oògùn irin tí wọ́n fún ẹ, ṣé ò ń lò ó?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Wọ́n ní ó máa ń sọ ìgbẹ́ èèyàn di dúdú."

"Mo mọ̀. Ṣé ò ń lò ó?"

"Ó wà nínú báàgì mi."

"Mú un jáde. Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀."

Mo gbọ́ tí síìpù báàgì ṣí. Mo gbọ́ tó ń bẹ ẹnì kan fún omi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn náà fọ́, ẹ̀ẹ̀kan.